Ṣé kí n fi bónọ́ọ̀sì kún pẹ́ńṣàn mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n fún wa ní bónọ́ọ̀sì níbi iṣẹ́ ní Ìlọrin, mo sì fẹ́ fi kún owó ìfẹ̀yìntì mi. Òfin pẹ́ńṣàn 2014 gbà wá láyè láti fi tiwa kún ìdá 8 nínú 100 tí wọ́n ń yọ lówó oṣù. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbà á kí ọdún 5 tó pé, wọn á yọ owó orí lára èrè rẹ̀.

Ìyàwó mi ní kí á fi kan òrùlé ilé wa ní Òmù-Àrán, torí páànù ń wọ́n sí i. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ojú àwọn àgbà tí kò ní nǹkan nípamọ́ ń pọ́n, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ṣé owó náà rọrùn láti gbà?