Bí ìdílé Áńgílíkà àti ìdílé Kérúbù ṣe di àna ara wọn

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti sọ ìrírí yín ṣáájú mi nípa bí àwọn onígbàgbọ́ láti ìjọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe lè wà ní ìṣọ̀kan. Mo fara balẹ̀ kà wọ́n, mo sì ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan àwọn onígbàgbọ́ bí ẹni pé àwọn olórí ìjọ nìkan ni ó lè jókòó ṣe é. Inú ẹbí ni tèmi ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí àkọ́bí mi obìnrin mú ẹni tí ó fẹ́ fẹ́ wá sílé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni wá, inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n sì bí èmi àti ọkọ mi sí. Ọmọ Ìkàrẹ́-Àkókó ni ọmọkùnrin náà, ìdílé Kérúbù àti Séráfù ni ó ti wá, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ àgbà nínú ìjọ náà. Kí wọ́n tó wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ rárá ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti sọ pé àwọn kò ní jókòó síbi tí a ó ti fa ọmọ ilé wa lé àwọn aláṣọ funfun lọ́wọ́, nítorí pé onígbàgbọ́ ayédèrú ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé egungun. Àgbà ni wọ́n, n kò sì lè gbó wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n Ìmọ̀ Bíbélì ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ìtàn àwọn ìjọ wa. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu mi.

Mo rán wọn létí pé ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ń pa ènìyàn káàkiri ayé, inú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde tiwa níhìn-ín ni àwọn kan ti kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà, ẹgbẹ́ àdúrà yẹn sì wà lára gbòǹgbò ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) tí gbogbo wa mọ̀ lónìí. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ajíhìnrere ńlá nínú CAC, tí Ọlọ́run lò nínú ìsọjí Òkè-Ooyè ní Iléṣà ní ọdún 1930, Áńgílíkà ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Mo wá dé orí Kérúbù fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, lọ wo ìwọ́de ọdún Ara Krístì tí àwọn ìjọ Àgùdà ń ṣe ní Èkó. Ibẹ̀ ni ó ti rí ìran, ó sì wọ ojúran lọ, Mósè Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́, ni wọ́n sì ránṣẹ́ pè láti wá gbàdúrà fún un. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀. Nínú Kérúbù yìí kan náà ni Josiah Akíndayọ̀mí wà kí ó tó dá ìjọ Rídíìmù sílẹ̀ ní ọdún 1952, Rídíìmù sì ni àwọn ọmọ tí ẹ̀gbọ́n wa fúnra wọn bí ń lọ. Mo ní, ẹ̀yin bàbá wa, ta ni àjèjì nínú gbogbo èyí?

Wọn kò dá mi lóhùn ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n wá síbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Nígbà tí bàbá ọkọ ìyàwó ṣí Bíbélì láti fi gbàdúrà, mo rí i pé Bíbélì tí ó wà lọ́wọ́ wọn náà ni ó wà lọ́wọ́ tiwa, èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún túmọ̀, tí àwọn tí wọ́n ń bu omi sí ọmọ ọwọ́ lórí àti àwọn Onítẹ̀bọmi jọ ń kà.

A fẹnu kò pé ṣọ́ọ̀ṣì wa ni a ó ti so wọ́n pọ̀, kí a sì ṣe ìdúpẹ́ ní ọjọ́ Àìkú ní ilé àdúrà tiwọn. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ náà, gbogbo wa bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí ilẹ̀ mímọ́ ni wọ́n ka ibẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dúró díẹ̀, wọ́n bọ́ tiwọn náà, wọ́n sì wọlé. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n wọ aṣọ àdúrà, kò sì sí ẹni tí ó ní kí àwọn ará Ìkàrẹ́ bọ́ tiwọn nígbà tí wọ́n wá sọ́dọ̀ wa.

Àárín àwa àti àbúrò mi ni ó ti le jù. Ìjọ Àgùdà ni ó wà láti ìgbà tí ó ti lọ́kọ. Nígbà tí àkókò Ara Olúwa tó níbi ìsìn ìgbéyàwó, orí ìjókòó rẹ̀ ni ó wà, nítorí ìjọ rẹ̀ kò fún un láyè láti bá wa jẹ ẹ́. A jọ mu ọmú kan náà, a kò sì lè jọ jẹun lórí tábìlì Olúwa. Ó dùn mí, ó dun òun náà, omi sì lé sí ojú rẹ̀. N kò rọ̀ ọ́ pé kí ó rú òfin ìjọ rẹ̀ nítorí mi. Òun náà ni ó di ọwọ́ ọmọ mi mú bí wọ́n ti ń jáde, tí ó gbàdúrà sí i létí.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn kò jẹ́ kí n fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian gbìyànjú láti di ìjọ kan ṣoṣo ní Nàìjíríà ní oṣù Kejìlá ọdún 1965, ètò náà sì dàrú nígbà tí ó kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n Igbóbì College, ilé ẹ̀kọ́ girama ní Èkó, tí Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní ọdún 1932, ti dúró tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Immanuel College, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1958. Kò sí èyí tí ó bá ètò náà wó. Lójú tèmi, iṣẹ́ àjọṣe máa ń pẹ́ ju àdéhùn tí ó ní kí gbogbo wa rí bákan náà lọ.

Ọlọ́run ti fi ọmọkùnrin kan ta wọ́n lọ́rẹ báyìí. Àlùfáà wa àti wòlíì tiwọn ni wọ́n jọ gbàdúrà níbi ìkómọjáde. Ọ̀rọ̀ tí ó kù nílẹ̀ ni ìrìbọmi: ọkọ mi fẹ́ kí a ṣe é fún ọmọ náà ní kékeré, bàbá ọmọ náà sì fẹ́ kí ó dàgbà, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ Krístì, kí wọ́n tó rì í sínú omi. Àwọn méjèèjì ní ẹsẹ̀ Bíbélì tí wọ́n dúró lé, wọ́n sì ń fi ọ̀wọ̀ bá ara wọn sọ ọ́. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí rẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ bí ẹ ti ṣe tiyín.