Squat mi ń gòkè, àmọ́ RPE fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà: ṣé kí n dín irin kù?

Gbérin-gbérin:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Squat ni mò ń ṣe, ìyẹn kí a gbé irin lé èjìká, kí a lóṣòó, kí a sì dìde. RPE ni máàkì tí mo fún ara mi, tó ga jù ní 10, lórí bí irin náà ṣe le tó. Ohun tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi rèé, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan (gbígbé léraléra kí n tó sinmi). Ọ̀sẹ̀ kìíní: kílò 97.5, RPE 7.5. Ìkejì: kílò 100, RPE 8. Ìkẹta: kílò 102.5, RPE 9.5. Ètò ní kí n gbé 105 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé kí n gbé e?

Alákọsílẹ̀:
Ẹ má tíì gbé e. RPE 10 ni pé ẹyọ kan ò ṣẹ́ kù tí ẹ lè gbé mọ́. RPE 8, ó ku méjì. Ẹ ro iye tí ẹ gbé pọ̀ mọ́ iye tó ṣẹ́ kù, kí ẹ fi ìlànà Epley díwọ̀n agbára yín, ìyẹn irin tó wúwo jù tí ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti ọ̀sẹ̀ kejì: 5 + 2 = 7, nítorí náà 100 × (1 + 7/30) = 123. Ọ̀sẹ̀ kìíní jẹ́ 122, ìkẹta 121. Agbára dúró sójú kan, irin nìkan ló ń gòkè! Kílò 2.5 lórí 100 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó RPE kan gbáko.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, RPE 8 ni kí ẹ dì mú, ẹ fi kílò sílẹ̀. Ẹ gbé 60, 80, 90 láti fi mú ara gbóná. Bí 90 bá yá bó ṣe máa ń yá, ẹ gbé 100. Bó bá ń falẹ̀, 97.5 ti tó. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára irin náà, kí ẹ ṣe sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sí i.

Ojú-Òṣùwọ̀n:
Ìṣirò yẹn dáa, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kílò méjì kéré. Àṣìṣe lásán lè fà á. Ta ló ní 8 yẹn, 8 ni lóòótọ́? Ẹ dán an wò lórí leg press (ẹ̀rọ tí a ń fi ẹsẹ̀ ti irin), kì í ṣe lórí squat. Nígbà tí ẹ bá rò pé ó ku méjì, ẹ sọ ọ́ jáde, kí ẹ wá máa gbé e lọ títí ẹsẹ̀ yóò fi kọ̀. Bí márùn-ún bá tún jáde, ohun tí ẹ ń pè ní 8, 5 ni. Sẹ́ẹ̀tì tó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ tún máa ń tanni jẹ, nítorí èémí lè tán kí agbára tó tán.

Ẹ kọ RPE sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó wo ohun tí ètò ń retí. Ẹ kọ oorun, ààwẹ̀ àti iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi sinmi mọ́ ọn. Àti pé àwo irin tí wọ́n kọ 20 sí lára lè má pé 20. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n.

Gbérin-gbérin:
Ẹ ṣé gan-an. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kẹta ò ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ, èrò ti pọ̀ jù nídìí irin. Mẹ́ta ni mo máa ń lò.

Alákọsílẹ̀:
Háà, a ti rí i! Ẹ tún 100 gbé, kí ẹ sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko. Bó bá padà sí 8, ọ̀sẹ̀ kẹta ò kà. Bó bá jẹ́ 9 lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ẹ ṣe ìdajì iye sẹ́ẹ̀tì yín fún ọ̀sẹ̀ kan, ní RPE 6, kí ẹ tó padà sẹ́nu ètò.