Peugeot 504 tàbí 505: èwo ni kí n fi ránṣẹ́ sílé?

Ọmọ Àjàṣẹ́, Lyon: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Sátidé ni ẹni tó ni mọ́tò dá fún mi. Familiale (mọ́tò gígùn onílà ìjókòó mẹ́ta) méjì ló wà nílẹ̀, gásóìlù ni méjèèjì: 504 ti 1982, ẹ́ńjìnnì 2304 cc, 505 ti 1988, ẹ́ńjìnnì 2498 cc. Ìyá mi ló fẹ́ máa fi kó àgbàdo láti Kétu wá sí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Mo ti san àsansílẹ̀ lórí 505, ni mẹkáníkì ilé bá ní 504 ni kí n mú. Oorun ti dá lójú mi.

Bàbá Ìbejì, Brussels: Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Agbára ẹṣin 70 ni ti 504, 76 ni ti 505. Kò tó ìjà. Mítà 2,90 ló wà láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn àwọn méjèèjì. Ṣáà yọjú wo abẹ́ rẹ̀ kó o rí i pé familiale ni lóòótọ́. Èmi ò wò ó ní 2009. Berline 505 (mọ́tò kúkurú oníbúùtù) ni mo rà, torí ó ń dán. Ti berline yẹn, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ló ń dá lọ sókè sódò. Ti familiale, irin gbọọrọ kan ló so wọ́n pọ̀, sípíríǹgì mẹ́rin sì wà lórí rẹ̀. Ìrìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sí mi: ìdí mọ́tò ti jókòó, orí táyà tẹ̀ sínú, ẹsẹ̀ wọn yà síta, ọ̀pá èéfín ń họ ilẹ̀ pupa láti Pọ́bẹ̀ dé Sákétẹ́. Ìdajì owó tí mo fi rà á ni mo fi tún un ṣe.

Ọmọ Alákétu, Libreville: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mọ́tò ò jẹ̀bi. Àpò mélòó ni wọ́n kó sí i?

Bàbá Ìbejì: Mẹ́wàá.

Ọmọ Alákétu: Àpò àgbàdo mẹ́wàá! Tọ́ọ̀nù kan nìyẹn, a ò tíì ka èèyàn! Familiale pàápàá á ké.

Bàbá Ìbejì: 504 bàbá mi kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ké.

Ìyá Ọlá, Paris: Ooru ló jẹ tèmi lówó. Abẹ́rẹ́ ti gòkè ní Ìdàáṣà, dẹ́rẹ́bà ní Ṣábẹ̀ẹ́ ò jìnnà mọ́. Ó wá bu omi tútù sí rédíétọ̀ gbígbóná. Orí ẹ́ńjìnnì là.

Ọmọ Alákétu: Ìkánjú ará Ṣábẹ̀ẹ́! Kí lẹ fi sílé tẹ́ ẹ ń sáré sí, yàtọ̀ sí òkúta?

Ìyá Ọlá: Iyán ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Àkábà Ìdẹnà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, ṣé ilẹ̀kùn lẹ ń jẹ?

Bàbá Ìbejì: Ẹ dákẹ́, Àjàṣẹ́ ni gbogbo yín ń gbé e wá tà.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n san èyí tó kù lórí 505?

Ìyá Ọlá: Wò ó bóyá ìlà ìjókòó kẹta ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó máa ń gbé wàrà pupa wá síbi fèrèsé mọ́tò ni mo ń rò báyìí. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti jẹ ẹ́ kẹ́yìn.

Ọmọ Alákétu: Èyí tí wọ́n dín, tí ata gígún wà lórí rẹ̀. Háà, ẹ̀gbọ́n.