Lórí "ìjọba oníbàbá": ìdí tí mo fi fara mọ́ "ìsọdọmọdé"

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú àríyànjiyàn.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé kí la máa pe ohun tí àwọn Faransé ń pè ní paternalisme: kí ìjọba máa ṣe fún àgbàlagbà bí ẹni ń tọ́mọ, kó máa pàṣẹ fún un lórí ara rẹ̀ àti ohun ìní rẹ̀, kó sì máa ní nítorí ire rẹ̀ ni. Bàbá wa ní Kétu dá "ìjọba oníbàbá" lábàá. Àbúrò wa obìnrin tó ń kọ̀wé láti Ṣábẹ ní "àkẹ́jù" ló yẹ. Ẹnì kan tí kò sọ ibi tó wà fi "ìjọba baba-ńlá" ránṣẹ́, mo rò pé eré ló fi ń ṣe. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni èmi ti ń kọ tèmi, iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe, ọ̀rọ̀ tó ṣeé gbé sínú gbólóhùn láìfọ́ ni mo sì ń wá.

Mi ò fara mọ́ "oníbàbá". Ẹ má bínú, Bàbá.

Òwe tí ẹ fi gbè é lẹ́sẹ̀ ni pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ ká tún òwe náà gbọ́. Orí ọmọ tuntun ló wí. Kò wí orí ìyá ọmọ. Ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn tó ń ná ata, a óò pè é pé, "Ìyá, orí ọmọ ń wọ́ o," òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì yíra padà tún un ṣe. Ohun tí à ń wá orúkọ fún ni ìgbà tí àgbà ọjà bá fi ọmọ sílẹ̀, tó wá di orí ìyá mú, tó ń tú gèlè rẹ̀ wé, tó sì tún ń bu owó ìtanràn lé e pé kò mọ gèlè wé.

Iyì tó wà lára "bàbá" lédè wa ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ṣe wá lóore là ń pè ní bàbá, kódà bí kò bí wa, kódà bí a bá jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Lédè Faransé, bí ẹ bá sọ pé mínísítà kan ń ṣe paternaliste, yóò bínú. Ẹ wá sọ fún un lédè wa pé ìjọba oníbàbá ló ń ṣe, yóò ní ẹ ṣeun, yóò sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó. Ẹ̀sùn ti di oríkì kó tó kúrò lẹ́nu wa. Lẹ́yìn ìyẹn, "bàbá ìsàlẹ̀" ti wà nígboro fún olówó tó ń ti olóṣèlú láti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá gbọ́ "oníbàbá" ní ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, ìyẹn ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ bá.

"Àkẹ́jù" sún mọ́ díẹ̀, àmọ́ orí ìkẹ́ ló dúró lé. Ọmọ tí wọ́n kẹ́ jù ni wọ́n fún ní gbogbo ohun tó fẹ́. Ẹni tí ìjọba ń ṣe eléyìí sí, ohun tó fẹ́ gan-an ni wọ́n fi ń dù ú.

Ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí ni mo rò pé ó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ àgbàlagbà di ọmọdé: ìsọdọmọdé. Ìjọba tó ń ṣe é: ìjọba asọnidọmọdé. Ọ̀nà tí a fi ṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ìsọdọ̀tun wà, ìsọdahoro wà, ìsọdọmọ náà wà.

Ìsọdọmọ yìí ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí, torí òun ni àbúrò wa ará Ṣábẹ fi já mi ní koro. Ó ní bí mo bá lè lo "ìsọdọmọdé", kí ló dé tí mi ò fi gé e kúrú sí "ìsọdọmọ"? Bíbélì ti gba ìyẹn. Nínú ìwé Róòmù orí kẹjọ, "ẹ̀mí ìsọdọmọ" ni èyí tí a fi ń ké pé "Ábà, Baba". Ẹrú di ọmọ, àjèjì di ajogún. Ìgbéga ni, òdìkejì ohun tí à ń wí pátápátá. Ọ̀rọ̀ náà kò sì dá dúró bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì nìkan. "Ọmọ" tó wà nínú "ọmọ ìlú" kì í ka ọjọ́ orí: ẹni ọgọ́rin ọdún ṣì jẹ́ ọmọ Kétu. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ: ọmọ inú òwe yẹn kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ẹni tí kì í ṣe ẹrú ni, ẹni tó ní làákàyè tirẹ̀, tó lè yí iṣẹ́ tí wọ́n rán an padà kó tó jẹ́ ẹ. Mi ò tíì rí ibi tí èdè wa ti gbé òmìnira ẹni kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ ju ibẹ̀ lọ. Wọ́n rán ọ níṣẹ́, àṣẹ ni, o ò sì sá. Àmọ́ orí rẹ ni o fi jẹ́ ẹ.

Nítorí náà "dé" tó wà ní ìparí yẹn ló gbé gbogbo ẹrù. Ọmọ ní ẹ̀tọ́, ọmọdé ní alágbàtọ́. Ìjọba tó sọ ọmọ ìlú di ọmọdé ìlú, a ti mọ ohun tó mú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Immanuel Kant, ará Jámánì, ti wí nǹkan tó fara jọ èyí ní ọdún 1793: pé ìjọba tó bá ń ṣe sí àwọn èèyàn rẹ̀ bíi bàbá sí àwọn ọmọ tí kò tíì mọ ohun tó lè ṣe wọ́n láǹfààní àti ohun tó lè pa wọ́n lára, òun ni ìjẹgàba tó burú jù lọ tí a lè rò. Òun pẹ̀lú lo "bàbá", mo gbà. Àmọ́ ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ta: "tí kò tíì mọ̀".

Ó ku kí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí, nítorí mo rí i pé gbogbo òfin tí kò tẹ́ ẹnì kan lọ́rùn ni àwọn ọ̀dọ́ inú wa fẹ́ máa kó sínú rẹ̀.

Ẹ rántí sódábì, ọtí líle tí wọ́n ń sè láti inú ẹmu. Nígbà ayé Faransé wọ́n fòfin de sísè rẹ̀. Wọ́n ní ó ń ba ara jẹ́, wọ́n ní ó ń run ọ̀pẹ. Ọtí líle tí ọkọ̀ òkun ń kó wá láti Yúróòpù kò ba ara jẹ́ ní tirẹ̀, owó bodè kúkú wà lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn wa wọ igbó lọ, wọ́n ń sè é níbẹ̀. Ìsọdọmọdé ni mo ka èyí sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpò owó wà lábẹ́ agbádá.

Àṣíborí ńkọ́, èyí tí wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ń gun alùpùpù máa dé? John Stuart Mill, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi afárá ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀ báyìí ní 1859. Bí èèyàn bá fẹ́ gun afárá tó dájú pé yóò já, tí kò mọ̀, tí kò sì sí àyè láti kìlọ̀ fún un, ẹ lè fà á sẹ́yìn. Òmìnira rẹ̀ kò bàjẹ́, nítorí kò wù ú kó ṣubú sódò. Àmọ́ bí kò bá dájú, tó jẹ́ pé ewu lásán ló wà níbẹ̀, ìkìlọ̀ nìkan ló tọ́ sí i: òun ló mọ ohun tó ń lọ ṣe lódìkejì. Ọlọ́kadà tó ń ti Àjàṣẹ́ lọ sí Kutọnú mọ ewu ọ̀nà yẹn ju ẹni tó kọ òfin lọ. Ìsọdọmọdé ni, lójú tèmi. (Èmi ń dé tèmi o.) Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà tó jókòó síwájú lórí táǹkì epo alùpùpù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, ọmọdé ni tẹ́lẹ̀.

Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́ ni epo kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń fà wọ̀lú láti Nàìjíríà láìgba bodè. Wọ́n ní bí ìjọba bá ń lé àwọn tó ń ta á nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ìsọdọmọdé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ níbi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ní Sèmè-Podji, ó ju ọgbọ̀n èèyàn tó kú níbẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń ta epo nìkan ló jóná. Òfin tó dá iná mi dúró kó má jó ilé yín, èwo ló sọ yín di ọmọdé níbẹ̀? Òótọ́ ni pé ebi wà nínú ọ̀rọ̀ kpayo, òótọ́ sì ni pé ọlọ́pàá máa ń bá oníṣòwò sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ wí: "nítorí tìẹ ni". Ohùn yẹn jẹ́ ti ìsọdọmọdé. Òfin náà kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí a ń dá bá lè jẹ́ ká ya ohùn sọ́tọ̀ kúrò lára òfin, ó ti ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ kejì, èyí tí mo rò pé ó le jù: kí la máa pe ìṣe ẹni tó kọ̀?

Abala 66 nínú òfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ pé bí àwọn kan bá fipá gbàjọba, tàbí bí àwọn jagunjagun tí wọ́n fowó háyà bá kọlu ìlú, ó di ẹ̀tọ́ tó mọ́ jù lọ fún gbogbo ọmọ Bẹ̀nẹ̀ láti désobéir. Àwọn tó kọ ọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ìfipágbàjọba 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972 ló gbé sójà Mathieu Kérékou dé orí àlééfà, àwọn jagunjagun tí wọ́n fowó háyà sì já lu Kutọnú ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1977. Gbogbo ìtumọ̀ Yorùbá tí mo ti rí fún désobéir níbẹ̀ jẹ́ "àìgbọràn".

Àìgbọràn! Ta ló ń gbọ́ràn? Ọmọ sí òbí, akẹ́kọ̀ọ́ sí tíṣà. Àgbàlagbà a máa pa òfin mọ́, a máa rú òfin, a máa tàpá sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe ẹni àádọ́ta ọdún ní aláìgbọràn, ẹ ti kó ṣòkòtò péńpé wọ̀ ọ́. Bàbá wa yóò sọ pé wọ́n ń sọ pé sójà gbọ́ràn sí ọ̀gá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì mọ̀ bóyá sójà ni a fẹ́ kí ọmọ ìlú jọ. "Rúfin" náà kò bá a mu, nítorí òfin ni abala 66 ń gbè. "Ọ̀tẹ̀" pọ̀ jù. "Oríkunkun", ẹ ò ní fẹ́ kó wà nínú òfin orílẹ̀-èdè.

Ìkọ̀jálẹ̀ ni mo mú wá. Ẹni tó kọ̀ jálẹ̀ dúró ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, kò sì sí òbí kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ fi ìtàn ilé yín dán an wò. Nígbà tí Faransé ń fipá kó èèyàn ṣiṣẹ́, tó ń gba owó orí, tó tún ń kó ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sógun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, àwọn Ọ̀họ̀rí, ẹ̀yà Yorùbá kan ní Bẹ̀nẹ̀, gbé ohun ìjà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Kétu àti Ṣábẹ kò jà, wọn ò sì bẹ̀bẹ̀: wọ́n kó ẹrù, wọ́n sọdá sí apá Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ wọn ló wà níbẹ̀ títí di òní. Nígbà náà, ọ̀gá àgbègbè lè sọ ọmọ onílẹ̀ sẹ́wọ̀n láìdé ilé ẹjọ́, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 1946. Àwọn tó sọdá yẹn, ṣé aláìgbọràn ni wọ́n? Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti gbà pé Faransé ni bàbá wọn. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀ ni.

(Ẹnì kan bi mí ní kọ̀rọ̀ pé kí ló dé tí mi ò fi ɛ àti ɔ kọ̀wé, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ èdè ti fi lélẹ̀ fún wa ní Bẹ̀nẹ̀ láti 1975. Àmì sí ìsàlẹ̀ ni ti Bíbélì tí mo fi kọ́ ìwé kíkà. Ẹ ka ìyẹn kún ìkọ̀jálẹ̀ kékeré, kò tíì sẹ́ni tó bu ìtanràn lé mi.)

Lórí liberté, mi ò ní pẹ́. "Òmìnira" nìkan kò tó mọ́, ìjọba ti lò ó tán. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1960, ọjọ́ òmìnira. République, orílẹ̀-èdè olómìnira. Láti 1975 di 1990 a wà nínú orílẹ̀-èdè olómìnira tó jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló ní ẹnu. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ "òmìnira ara ẹni" nígbà tó bá jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bàbá wa ń bẹ̀rù pé yóò di ìṣe-ó-wù-mí, ó sì pa á lówe pé ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Èyí ni mo fi sílẹ̀ fún abala 66, kí ẹ fà á ya: "Fún gbogbo ọmọ Bẹ̀nẹ̀, láti kọ̀ jálẹ̀ àti láti kóra jọ kí aláṣẹ aláìtọ́ má baà rí ọ̀nà lọ, òun ni ẹ̀tọ́ tó mọ́ jù lọ àti ojúṣe tó pọn dandan jù lọ."

"Aláìtọ́" ni kò tẹ́ mi lọ́rùn níbẹ̀. Ó jọ ẹni tó kàn ń ṣìwà hù. "Afipágbàjọba" ṣe pàtó, àmọ́ ó há: ẹni tó fi ìbò wọlé tó wá kọ̀ láti kúrò ńkọ́? Ẹni tó bá mọ òfin jù wá lọ láàárín yín, pàápàá àwọn ará Ṣábẹ tó ń ṣe ògbufọ̀ ní kọ́ọ̀tù, ẹ bá wa gbà á.