Éékà kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, iná NEPA kò dé ibẹ̀: kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

TíṣàÀná
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé oníyàrá mẹ́ta wà lórí éékà ilẹ̀ kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, òrùlé rẹ̀ jẹ́ mítà 10 lóòró, mítà 10 níbùú. Mo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, èèyàn márùn-ún ni yóò máa gbé ibẹ̀. A fẹ́ máa gbin oúnjẹ wa, ká má sì máa ra epo jẹnẹrétọ̀. Gílóòbù mẹ́fà, fáànù méjì, tẹlifísàn, fíríìjì kékeré àti ẹ̀rọ tó ń fa omi ni a máa lò. Ẹni tó wá wo ilé ní kí n ra ínfátà 5kVA àti bátìrì mẹ́rin. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ? Owó àjẹmọ́nú ni mo fẹ́ ná, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

WáyàTóTọ́
Tíṣà, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ìṣirò ló ń ṣáájú. Gílóòbù mẹ́fà oníwáàtì 9 fún wákàtí 5 jẹ́ wáàtì-wákàtí 270 (ìyẹn wáàtì lọ́nà iye wákàtí; bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ìyókù). Fáànù méjì oníwáàtì 60 fún wákàtí 8 jẹ́ 960. Tẹlifísàn oníwáàtì 60 fún wákàtí 4, 240. Ẹ ka fíríìjì kékeré sí 900 lójúmọ́. Gbogbo rẹ̀ di 2,370. Ínfátà, wáyà àti bátìrì máa ń jẹ nínú rẹ̀, torí náà ẹ fi 0.75 pín in, ó di 3,160. Lóṣù Keje àti Kẹjọ tí ìkùukùu máa ń bo ojú ọ̀run, ẹ má ka oòrùn gidi sí ju wákàtí 3.5 lọ lójúmọ́. Ẹ fi 3.5 pín 3,160, ẹ ó rí wáàtì 903. Pánẹ́ẹ̀lì oòrùn (sólà) oníwáàtì 400 mẹ́ta ni, méjì kò ní tó.

Ohun tí ẹ ń lò lálẹ́ nìkan lẹ fi ń wọn bátìrì. Iná, fáànù, tẹlifísàn àti ìdajì ti fíríìjì jẹ́ 1,920. Tí ẹ bá ka ohun tí ínfátà ń jẹ mọ́ ọn, bí 2,260. Bátìrì olómi 12V 200Ah méjì gba 4,800, ìdajì rẹ̀ lẹ sì gbọ́dọ̀ lò kó tó lè pẹ́. 2,400 nìyẹn. Méjì tó.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ẹ̀rọ omi sílẹ̀ ni. Ẹ̀rọ hp kan ń jẹ bíi wáàtì 1,000, àmọ́ nígbà tó bá ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló ń sọ ínfátà di 5kVA. Ẹ ra ẹ̀rọ omi DC (èyí tó ń lo iná pánẹ́ẹ̀lì tààrà, láìgba inú ínfátà) tó ní pánẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, kó máa fa omi sí tánkì lọ́sàn-án. Ínfátà 1.5kVA onífólítì 24 yóò gbé ìyókù. Wáyà láti bátìrì sí ínfátà kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju 25mm² lọ, kó má gùn ju mítà kan àbọ̀, kí fíúsì DC 80A sì wà létí bátìrì. Wáyà tín-ín-rín ló ń mú kí ínfátà máa ké pé bátìrì ti kú nígbà tó ṣì kún.

OmiLákọ̀ọ́kọ́
Ìṣirò WáyàTóTọ́ dára, àmọ́ orí omi ni kí owó kọ́kọ́ lọ. Èèyàn lè fi àtùpà sun oorun òní. Kò sẹ́ni tó lè fi òùngbẹ sùn. Òjò mìlímítà 10 lórí òrùlé yín jẹ́ lítà 1,000. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún tó ń ṣòfò, ó ku 800. Ẹ̀ẹ̀rùn bí ọjọ́ 120 ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún. Omi mímu àti sísè, lítà 35 lójúmọ́ fún èèyàn márùn-ún, jẹ́ 4,200. Tánkì 2,500 méjì gbà á. Ìwẹ̀ àti aṣọ fífọ̀ di ti kànga.

Ẹ jẹ́ kí lítà 50 àkọ́kọ́ nínú òjò kọ̀ọ̀kan ṣàn dànù, torí eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ. Ẹ gbẹ́ kànga ní oṣù Kejì tàbí Kẹta, nígbà tí omi ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Èyí tí wọ́n gbẹ́ lóṣù Kẹsàn-án tètè ń rí omi, ẹ̀ẹ̀rùn a sì gbẹ ẹ́. Kó jìnnà sí ṣáláńgá tó mítà 30, kó sì wà lápá òkè rẹ̀. Tánkì 2,500 tó kún wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀: ẹ má gbé e ka igi, ikán ò ní jẹ́ kó pẹ́.

TíṣàÀná
Ẹ ṣeun gan-an. Ìdáná ńkọ́? Mo gbọ́ pé ìgbẹ́ màlúù ń di gáàsì.

GáàsìOko
Ó ń di gáàsì, tí ìgbẹ́ bá ń wá lójoojúmọ́. Fún oúnjẹ èèyàn márùn-ún, ẹ nílò bíi kílò 25 ìgbẹ́ tútù, ìyẹn ti màlúù méjì sí mẹ́ta tí a so mọ́lẹ̀, tàbí kí gáà wà nítòsí tí wọ́n gbà kí ẹ máa kó o. Ẹ fi lítà 25 omi pò ó. Ó yẹ kó lo ogójì ọjọ́ nínú, torí náà lítà 2,000 ni ihò rẹ̀ máa gbà, láìka àyè gáàsì. Gáàsì àkọ́kọ́ kì í jó dáadáa, kábọ́ọ̀nù dayọ́síìdì àti afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ tú u dànù níta, kí iná má sí nítòsí. Ẹ má da omi Izal tàbí ìgbẹ́ ẹran tó ń lo oògùn sí i, kòkòrò tó ń ṣe gáàsì yóò kú. Ẹ̀rọ̀fọ̀ tó ń jáde, ẹ bù ú sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

WáyàTóTọ́
Tíṣà, ohun kan ṣẹ́ kù: omi bátìrì nìkan lẹ máa bù sí bátìrì, kì í ṣe pure water. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Nígbà ọ̀yẹ́, ẹ nu pánẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ kùtù kó tó gbóná.