Àbọ̀ lórí iná ìtàgé wa tó ń kú

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo béèrè lọ́wọ́ yín ìdí tí iná ìtàgé wa fi ń kú láàárín ìdánrawò, nítorí pé èmi tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ tíátà ní Ìbàdàn ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. A ti rí okùnfà rẹ̀.

Iná mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1000 watt, ni mo so mọ́ pílọ́ọ̀gì kan ṣoṣo tí fíúsì 13 amp wà nínú rẹ̀ (fíúsì ni wáyà tín-ín-rín tó máa ń jó láti gé iná bí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá bá pọ̀ jù; amp ni a fi ń wọn iná tó ń kọjá náà). Bí a bá fi 230 volt tí iná wa jẹ́ pín 4000 watt tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ lápapọ̀, ohun tí wọ́n ń fà lé ní 17 amp, ó ju 13 amp tí fíúsì náà wà fún lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń jó. Nígbà tí mo tú pílọ́ọ̀gì náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti dúdú, ike rẹ̀ sì ti rọ̀. Àyà mi já, nítorí aṣọ ìkélé kò jìnnà sí i rárá.

Méjì-méjì ni mo ń so wọ́n báyìí, mo sì ń ṣe ìṣirò sínú ìwé kí n tó gun àkàbà. Ẹni tó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fi wáyà rọ́pò fíúsì ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù, nítorí ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. A ṣe eré náà ní alẹ́ Sátidé, iná kò kú.