Afínjú kọjá ìmọ́tótó

A ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fún ìwà ẹni tí ohun gbogbo rẹ̀ wà létòlétò, tó mọ ohun tó dára yàtọ̀ sí ohun tó kàn ń dán, ẹ̀gbọ́n wa kan sì dábàá "ọ̀làjú". Ẹ má bínú, sà, n kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó lajú ti rí ayé, ó ti kàwé. Síbẹ̀ ẹ̀yin náà mọ àwọn tó lajú tó ń fi òkèlè há ẹnu sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá ti wà lẹ́nu àwọn ìyá wa àgbà: afínjú.

Ọ̀pọ̀ á ní ẹni tó ń gbálẹ̀, tó ń fọṣọ, ni afínjú. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ lójú tèmi, ayé wọlé-wọlé ló sọ ọ̀rọ̀ náà di kékeré, pàápàá lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku wọ Èkó ní 1924. Ìmọ́tótó di òfin, ó di ẹ̀kọ́ ilé ìwé, ó sì gbé afínjú mì. Ẹ wo òwe: "Afínjú wọ ọjà, ó ń rìn gbẹndẹ́kẹ, ọ̀bùn wọ ọjà, ó ń rìn ṣùẹ̀ṣùẹ̀, ọ̀bùn ni yóò ru ẹrù afínjú relé." Ta ló dárúkọ ọṣẹ níbẹ̀? Ìrìn ni wọ́n fi dá àwọn méjèèjì mọ̀.

Mo tún gbà pé "fín" inú rẹ̀ bá ti igbá fínfín tan, bí ẹ bá fẹ́, ẹ já mi nírọ́. Àwọn tó ń fín igbá l'Ọ̀yọ́ mọ ibi tí ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ dé, kí ọnà lè hàn. Ológe lè kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn títí ọrùn á fi wúwo. Afínjú á so ẹyọ kan, á sì tó o.

Òótọ́ ni pé a máa ń fi ọ̀rọ̀ náà bú ọmọ tó ń ṣa ẹja inú ọbẹ̀ wò: "Afínjú, jẹun jàre!" Ìyẹn kò bà á jẹ́. Ṣebí a máa ń fi "ọ̀làjú" náà bú ènìyàn: "Ọ̀làjú ti sọ wọ́n dìdàkudà."

Ènìyàn ni afínjú ń tọ́ka sí, kì í ṣe ìwà náà. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti gbà pé a nílò ọ̀rọ̀ tuntun. "Ìfínjú" ni mo mú wá: fara balẹ̀ bí ìfarabalẹ̀, fínjú náà lè bí ìfínjú. A ó lè sọ pé, "Ìfínjú ewì rẹ̀ wù mí, kò sọ àsọjù."